Lẹ́tà òyìnbó Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1855: báwo la ṣe ń kà á, níbo la sì ti ń rí ìyókù?

Ọmọ Ìyerú Òkín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé pẹlẹbẹ kan la fẹ́ tẹ̀ ní Ọ̀fà nípa àwọn àlejò tó gba ẹkùn Ìlọrin kọjá kí rélùwéè tó dé. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti bá wa ya àwòrán lẹ́tà kan tí míṣọ́nnárì Baptist kọ láti ilẹ̀ Yorùbá. Àwòrán mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́, 001 títí dé 006. Ojú-ìwé méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún.

Ibi tó ta kókó pọ̀. Bí a bá ka òsì tán tí a bọ́ sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kì í bára tan. Lápá ọ̀tún 001, ìlà gorí ìlà bí àwọ̀n. Gbogbo ibi tó yẹ kó jẹ́ "Mission", "Mifsion" là ń rí. Ó ń sọ "10th ult." àti "yr favr" ṣáá. A kò mọ̀ bóyá 1853, 1855 tàbí 1858 ni ọdún tó wà lókè. Ihò kan sì wà lápá òsì 005, níbi tí àdírẹ́sì wà.

Ìbéèrè kejì: níbo la ti lè rí irú rẹ̀ sí i láìgba físà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká bi Google. A ti bi í.

Bàbá Tákàdá, Ìlọrin

Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún, torí òun ló ń da ìyókù rú.

Lẹ́tà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe tákàdá ẹlẹ́yọ-ẹyọ bíi tiwa. Tákàdá ńlá kan ni wọ́n máa ń ṣẹ́ po sí méjì, tí yóò fi di ojú-ìwé mẹ́rin. Ẹ mú A4 kan báyìí, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ kọ 1 sí iwájú, 2 àti 3 sínú, 4 sí ẹ̀yìn. Ẹ wá tẹ́ ẹ gbalaja kí inú rẹ̀ dojú bolẹ̀. 4 ló bọ́ sí òsì, 1 ló bọ́ sí ọ̀tún. Ohun tí ayàwòrán rí lórí tábìlì gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yà á.

Nítorí náà tákàdá mẹ́ta lẹ ní lọ́wọ́, ojú-ìwé méjìlá. 001 jẹ́ 4 àti 1. 002 jẹ́ 2 àti 3. 003 jẹ́ 8 àti 5, 004 jẹ́ 6 àti 7, 005 jẹ́ 12 àti 9, 006 jẹ́ 10 àti 11. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún 001, ẹ ka 002 láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ tó padà wá sí òsì 001. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí ọ̀tún 003, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tó máa ń ki tákàdá bọ inú ara wọn bí ìwé iléèwé kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ètò mi yìí dàrú: 12 àti 1 ni yóò wà ní 001, 2 àti 11 ní 002. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ rọrùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ní òsì 002. Bí ó bá bá òkè ọ̀tún 002 mu, a jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tákàdá wà. Bí ó bá jẹ́ òkè ọ̀tún 003 ló bá mu, a jẹ́ pé wọ́n ti ki tákàdá bọ inú ara wọn. Ní tèmi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tiyín wà, torí ẹ ní òsì 005 ni àdírẹ́sì wà. Ẹ̀yìn lẹ́tà ni àdírẹ́sì máa ń wà, ojú-ìwé 12 nìyẹn.

Ihò yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ikán. Nígbà tí àpò lẹ́tà kò tíì wọ́pọ̀, tákàdá fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń ká tí wọ́n á fi ìda pa á dé bí èdìdì. Ẹni tó gbà á á já a, ìda á sì bu tákàdá jẹ. Ẹ wo ọ̀tún 006: ihò kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, torí ẹ̀yìn àti iwájú ewé kan ṣoṣo ni 11 àti 12. Ojú-ìwé 11 lọ̀rọ̀ ti sọnù, kì í ṣe 12. Ègé tó já náà kì í jìnnà o. Ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìda ní etí kejì ewé náà. Ẹ bẹ ilé àkójọ náà kí wọ́n ya ibi tí ìda wà ní àwòrán ọ̀tọ̀, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọnù yẹn lè wà níbẹ̀.

Ti ìlà tó gorí ìlà: bí tákàdá bá kún, òǹkọ̀wé á dá ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìbú, á sì máa kọ ọ́ lọ lórí èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Owó ló fà á. Láti 1852 ni ọkọ̀ elééfín ti ń gbé lẹ́tà láàárín England àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà déédéé, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni lẹ́tà tó ń lọ Amẹ́ríkà máa ń gbà. Láàárín England àti Amẹ́ríkà nìkan, sẹ́ǹtì 24 ni fún ìdajì áúnsì, bíi gíráàmù 14. Tákàdá kan péré tó bá lé lè sọ owó náà di ìlọ́po méjì. Nítorí náà òpin lẹ́tà ló wà nìbú lórí ojú-ìwé 1. Bí ẹ bá ń wá ìbuwọ́lùwé tí ẹ ò rí i, ẹ yí 001 sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló wà.

Ẹ tẹ ojú-ìwé náà sórí A3 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan nìbú. Ẹ gé páálí kan kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ìlà kan péré, ẹ máa fà á lọ sísàlẹ̀. Ojú á ṣíwọ́ wíwo èyí tó dábùú.

Ìyá Oníwèé

Bàbá ti ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

"Mifsion" kì í ṣe f. S gígùn ni, èyí tí wọ́n máa ń lò fún s àkọ́kọ́ bí s méjì bá tẹ̀ léra. Ìwé títẹ̀ ti pa á tì tipẹ́ kí ọdún 1850 tó pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àgbà ò fi í sílẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà, kò sì ní ọ̀pá ìdábùú tí f ní. "Clafs" ni class, "blefsed" ni blessed. Bí ẹ bá ń dà á kọ, ss ni kẹ́ ẹ kọ.

"Ult." ni oṣù tó kọjá, "inst." ni oṣù tí a wà nínú rẹ̀, "prox." ni oṣù tó ń bọ̀. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti 4 oṣù Karùn-ún, "10th ult." ni 10 oṣù Kẹrin. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni pé ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà lónìí, kí wọ́n tó parí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ ti súnmọ́ Èkó. Ẹ máa wá ọjọ́ tuntun láàárín lẹ́tà. Ọjọ́ tó súnmọ́ ibi tí "ult." wà lẹ máa fi ṣírò, kì í ṣe ti òkè pátápátá.

"Yr favr" kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ojúrere. "Lẹ́tà yín" ló ń sọ. "Recd" ni mo gbà á, "ansd" ni mo ti fèsì, "obt servt" ni ìránṣẹ́ yín tó ń gbọ́ràn, "do." ni bákan náà, "&c" ni àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú orúkọ, "Jno" ni John, "Jas" ni James, "Thos" ni Thomas. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ Jno di Jonathan, tí ẹni ẹlẹ́ni sì wọ inú ìwé ìtàn.

Ọdún tí kò hàn: ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ká ní "Tuesday, April 10" ló wà lókè. Ní 1853, ọjọ́ Àìkú ni 10 oṣù Kẹrin. Ní 1858, Sátidé ni. Ní 1855, Túsìdeé ni. Ó parí. Bí kò bá sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn níbi àdírẹ́sì. Ẹni tó gba lẹ́tà sábà máa ń kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tó fèsì síbẹ̀, lọ́wọ́ mìíràn, pẹ̀lú tàdáwà mìíràn. Ẹ má da ọwọ́ yẹn pọ̀ mọ́ ti òǹkọ̀wé o.

Bí ó bá jẹ́ Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Baptist ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ìrìn rẹ̀ náà lè là á. Àgbádárìgì ló gúnlẹ̀ sí ní 1850, ó lọ sílé, ó padà wá sí Ìjàyè ní 1853. Ní 1855 ló wá sí Ìlọrin lásìkò Emir Shita. Wọn ò fún un láyè láti dá míṣọ́n sílẹ̀, ó bá kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1856 ó ti padà sí Amẹ́ríkà pátápátá. Lẹ́tà 1858 láti ilẹ̀ Yorùbá kò lè jẹ́ tirẹ̀.

Orúkọ ìlú tún jẹ́ ìṣòro ọ̀tọ̀. Bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ máa wá Illorin, Ilorrin, Abbeokuta. Ti Ọ̀fà, ẹ dán Ofa, Offa, Offah àti Uffa wò. Kọ́kọ́rọ́ kan wà fún ti Bowen: òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìwé gírámà àti àtúmọ̀ èdè Yorùbá tí Smithsonian, ilé ìmọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1858. Ọ̀fẹ́ ni lórí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà, ẹ ó rí bí ó ṣe máa ń kọ ohùn wa, èyí tó jẹ́ ọ tàbí ẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí tàdáwà bá ti ṣá, ẹ má kàn fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán. Kókó tí kòkòrò máa ń mú wú lára igi oaku, pẹ̀lú irin, ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà náà. Dúdú ló máa ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá pẹ́ á di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ẹ ya apá búlúù àwòrán náà sọ́tọ̀ kí ẹ máa wo òun nìkan, ọ̀rọ̀ á dúdú bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ará Ìgbómìnà

Ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè kejì ni tèmi.

Ẹ ronú bí ẹni tó to ìwé ronú. Abẹ́ orúkọ ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó ni ìwé ni wọ́n ń kó o sí, kì í ṣe abẹ́ orúkọ ìlú tí a mẹ́nu kàn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí "Ìlọrin" lórí Google kò fi mú nǹkan kan jáde. Orúkọ òǹkọ̀wé lẹ máa wá, lórí ArchiveGrid, ibi tí ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ń kó àpèjúwe ìwé wọn jọ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Fún àwọn Baptist, Southern Baptist Historical Library and Archives ní Nashville ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bowen wà níbẹ̀. Ẹ tún wá William H. Clarke, tó wà nílẹ̀ Yorùbá láti 1854 sí 1858. Robert Campbell, tó wá láti Philadelphia tó sì dé Ìlọrin ní 1860, kì í ṣe míṣọ́nnárì rárá, nítorí náà ẹ má wá a lọ́dọ̀ ìjọ.

Nígbà tí ẹ bá rí àkójọ kan, ẹ béèrè ìwé atọ́nà rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á tán kí ẹ tó kọ ímeèlì. Ẹni tó bá kọ "ẹ fi gbogbo lẹ́tà nípa Yorùbá ránṣẹ́" á dúró títí. Ẹni tó bá kọ orúkọ àkójọ, nọ́ńbà àpótí, nọ́ńbà fáìlì àti ọdún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tètè dá a lóhùn. Nọ́ńbà yẹn náà lẹ máa kọ sísàlẹ̀ ìwé yín nígbà tí ẹ bá tọ́ka sí lẹ́tà náà. Ẹ fi sórúkọ àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí "001" kò ní sọ nǹkan kan fún yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ sọ irú àwòrán tí ẹ fẹ́. Ojú-ìwé tó jẹ́ ínṣì 8 sí 10, ní 400 dpi (iye dọ́ọ̀tì nínú ínṣì kan) aláwọ̀, ń lọ sí bíi mẹ́gábáìtì 38 bí ó bá jẹ́ TIFF, irú fáìlì tí a kò fún pọ̀. Méjìlá rẹ̀ á jẹ dátà yín run. JPEG, èyí tí a fún pọ̀, ní 400 dpi tó fún kíkà. Ẹ gba TIFF fún ojú-ìwé tí ẹ máa tẹ̀ sínú ìwé nìkan. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, káàdì náírà lè má kọjá níbẹ̀. Ẹ wá káàdì dọ́là kí ẹ tó ní kí wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́.

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, lẹ́tà tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde rí ń di ti gbogbo ayé lẹ́yìn àádọ́rin ọdún tí òǹkọ̀wé ti kú. Bowen kú ní 1875, kò sí wàhálà. Síbẹ̀, ilé àkójọ lè ní kí ẹ dárúkọ àwọn, ẹ ṣe é.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ìròyìn tí ìjọ Baptist wọn ń tẹ̀ láyé ìgbà yẹn, Home and Foreign Journal. Lẹ́tà míṣọ́nnárì ń jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòtú ń gé e o. Ohun tí kò bá ní jẹ́ kí owó wọlé láti ọwọ́ àwọn ará ilé, ó lè yọ ọ́ kúrò: ìjà láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ìráhùn nípa owó oṣù, àìsàn. Fún ìdí yẹn lẹ fi nílò èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ.

Bàbá Tákàdá, Ìlọrin

Mo gbàgbé nǹkan kan. Transkribus wà, ẹ̀rọ tó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́. Ẹ gbé àwòrán sí i, á kọ ọ̀rọ̀ jáde. Ó ń dín iṣẹ́ kù.

Ìyá Oníwèé

Bàbá mi, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn fún lẹ́tà yìí. Ojú-ìwé méjìlá péré ni. Ojú-ìwé tí ìlà gorí ìlà, ẹ̀rọ á po méjèèjì pọ̀ ni. Èyí tó burú jù ni orúkọ. Ẹ̀rọ tó bá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì á sọ orúkọ Yorùbá di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́, ẹ ò sì ní mọ̀, torí gbólóhùn náà á ṣì dùn létí. Orúkọ yẹn gan-an lẹ sì ń wá. Bí lẹ́tà bá tó igba, ẹ lò ó. Fún ẹyọ kan, ẹ fọwọ́ dà á kọ, ìlà sí ìlà, kí ìlà tiyín parí síbi tí tiwọn parí. Ẹ má tún sípẹ́lì ṣe. Ohun tí ẹ ò bá rí kà, ẹ fi àmì ìbéèrè sínú àkámọ́ onígun. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un kà láìwo tiyín.

Bàbá Tákàdá, Ìlọrin

Mo gbà fún yín lórí orúkọ. Lórí ìyókù, a ó máa bá a lọ.

Ọmọ Ìyerú Òkín

A dúpẹ́ púpọ̀. A ti kà á bí Bàbá ṣe ní, gbólóhùn ti ń bára tan. Ìbuwọ́lùwé wà nìbú lórí 001 lóòótọ́. Ìbéèrè kan ló kù, ti Ìgbájà ni. Páálí lẹ́tà míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀, ti nǹkan bí 1940 síwájú, tí wọ́n fi táípù kọ. Ó ti ń di àwọ̀ tíì, etí rẹ̀ ń rún. Wọ́n fẹ́ laminéètì rẹ̀. Ṣé kí wọ́n ṣe é?

Ìyá Oníwèé

Ẹ dá wọn dúró lónìí. Iná àti gọ́ọ̀mù ló wà nínú laminéètì, kò sì ṣeé tú mọ́.

Igi lílọ̀ ni tákàdá ìgbà náà, kì í ṣe àkísà bíi ti 1855. Ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ láti inú, ooru sì ń yá a lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí lẹ́tà àtijọ́ yín fi le ju ti ọmọ ọgọ́rin ọdún lọ.

Kí wọ́n yọ rọ́bà àti píìnì tó ti dípẹtà. Kí wọ́n má fa píìnì o. Kí wọ́n ki ègé pílásítíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò sí sẹ́lótéèpù, kò sí náílọ̀n tí a dì pa, torí ọ̀rinrin òjò á há sínú rẹ̀, ìwé á bu. Ọwọ́ tí a fọ̀ tó sì gbẹ dára ju ìbọ̀wọ́ lọ, ìbọ̀wọ́ máa ń fa etí tákàdá ya. Kí wọ́n tẹ́ lẹ́tà sílẹ̀ láìká a, nínú fáìlì páálí mímọ́, kí páálí tuntun wà lórí pẹpẹ irin, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, kó má sì fara kan ògiri ìta. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ pẹpẹ náà bóyá ikán ti ń mọ ilé gòkè.

Bí kòkòrò bá ti wà nínú rẹ̀, fírísà lè pa á: kí wọ́n dì í sínú náílọ̀n méjì, kí òtútù rẹ̀ tó -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Inú náílọ̀n kan náà ni yóò wà fún wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá jáde, kí ìrì má baà sẹ̀ sórí tákàdá. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má dán an wò. Bí ó bá yọ́ tó tún dì, ẹyin kòkòrò á yè é, omi á sì wọ tákàdá. Níbẹ̀, ẹ kó o sọ́tọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá a ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, níta, nígbà tí ọyẹ́ bá mú.

Kí wọ́n sì ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú páálí àtijọ́, bí ó ṣe tò síra wọn gẹ́lẹ́. Ìtòsíra yẹn ni ìwé atọ́nà kan ṣoṣo tí wọ́n ní.